Kámẹ́rà inú àpò: èwo ni kí ìyá ọlọ́mọ méjì rà?

Ìbéèrè tí mo fẹ́ dáhùn lónìí nìyí, bí ẹni tó fi ránṣẹ́ ṣe kọ ọ́: “Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́. Nọ́ọ̀sì ni mí ní Abẹ́òkúta, mo sì bí ọmọ méjì. Fóònù ni mo fi ń ya gbogbo fọ́tò mi, àmọ́ ó ti sú mi. Inú rẹ̀ ti kún, ìpè máa ń wọlé nígbà tí mo bá fẹ́ tẹ̀ ẹ́, ojú àwọn ọmọ mi sì máa ń dà bíi ti ẹni tí wọ́n kun ní páúdà. Ní alẹ́, fọ́tò wọn kì í mọ́ rárá. Kámẹ́rà kékeré tí mo lè máa mú kiri lójoojúmọ́ ni mo fẹ́. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ní Canon G7X tí wọ́n ń gbé lórí TikTok ni kí n rà. Ọkọ mi gbọ́ pé Ricoh ló dára jù. Ẹnìkan tó ń ta kámẹ́rà sì fi ọ̀kan hàn mí, tuntun ni, 48 megapixel, súùmù ìlọ́po 16, kò wọ́n rárá. Èwo ni kí n mú?”

Ìyá àwọn ọmọ, ẹ kú ìtọ́jú aláìsàn. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ mú ti oníkámẹ́rà yẹn kúrò nílẹ̀: ẹ má rà á. Mo mọ irú èyí tó fi hàn yín. Ike ni wọ́n fi ṣe lẹ́ńsì ọ̀pọ̀ nínú wọn, ojú kan ni lẹ́ńsì náà sì máa ń dúró sí. Megapixel 48 tí wọ́n kọ sí i lára kì í ṣe ohun tí kámẹ́rà fi ojú ara rẹ̀ rí. Ohun tó rí kéré sí i dáadáa, ó wá nà án tó fi di ńlá. Súùmù ìlọ́po 16 yẹn náà, àárín àwòrán ló ń gé tó sì ń fẹ̀, ohun tí ẹ lè fi ìka méjì ṣe lórí fóònù yín láìsan kọ́bọ̀. Fóònù tó wà lọ́wọ́ yín báyìí máa ya fọ́tò tó sàn ju tirẹ̀ lọ. Ẹ má sì jẹ́ kí iye megapixel máa dẹ́rù bà yín. Àwòrán 12 megapixel, ìyẹn mílíọ̀nù 12 àmì kéékèèké, jẹ́ 4000 lọ́nà 3000, ìyẹn sì tó láti tẹ fọ́tò ara ògiri tó gùn ní ínǹṣì 13, tó fẹ̀ ní ínǹṣì 10, tí yóò mọ́ kedere. Gbogbo kámẹ́rà gidi tí mo máa dárúkọ ló ju 12 lọ, ẹ jẹ́ ká fi ọ̀rọ̀ megapixel sílẹ̀ síbẹ̀.

Kí owó tó jáde, mo fẹ́ ká tú ẹ̀dùn ọkàn yín wò, nítorí kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ni kámẹ́rà máa wò sàn. Páúdà tí ẹ ń rí lójú àwọn ọmọ, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ètò ìṣaralóge inú fóònù ni. Ọ̀pọ̀ fóònù Android tí à ń lò níbí ló jẹ́ pé wọ́n ti tan ètò náà sílẹ̀ kí fóònù tó dé ọwọ́ oníbàárà, á sì máa dán awọ, á máa fi funfun tí ẹnikẹ́ni ò bẹ̀ ẹ́ kún un. Ẹ ṣí kámẹ́rà fóònù, ẹ wá ibi tí wọ́n kọ Beauty sí, ẹ fà á wá sí òdo. Ti ìpè, ẹ tẹ àmì ọkọ̀ òfuurufú bí ẹ bá fẹ́ ya fọ́tò tó ṣe pàtàkì. Ti inú tó kún, ẹ kó fọ́tò ọdún tó kọjá lọ sórí kọ̀ǹpútà tàbí flash drive. Bí ẹ bá ṣe èyí tí ọkàn yín sì balẹ̀, ẹ fi owó yín sápò, mi ò ní bínú.

Èyí tó kù, fọ́tò alẹ́, ni kò ní àtúnṣe lórí fóònù. Bí ìmọ́lẹ̀ bá kéré, kámẹ́rà gbọ́dọ̀ la ojú pẹ́ kó tó ríran tó. Bó bá sì la ojú pẹ́, ọmọ tí kò lè dúró jẹ́ẹ́ á ti kúrò níbi tó wà kí ojú kámẹ́rà tó padé. Fóònù wá ń fi ọgbọ́n tirẹ̀ kún un: ó máa ń ya fọ́tò mélòó kan tẹ̀léra wọn, á sì lẹ̀ wọ́n pọ̀ di ẹyọ kan. Ọgbọ́n yìí dára gan-an fún ilé, igi àti àgbàlagbà tó jókòó sórí àga. Ọmọ ọdún mẹ́ta kò sí nínú àdéhùn náà. Ìdí nìyẹn tí ọwọ́ ọmọ fi ń dà bí èéfín nínú fọ́tò yín.

Níbí ni sẹ́ńsọ̀ ti wọlé, ìyẹn pẹlẹbẹ kékeré inú kámẹ́rà tó ń gba ìmọ́lẹ̀. Ó rí bí agbada tí a gbé sábẹ́ òjò: bí ẹnu rẹ̀ bá ṣe fẹ̀ tó lomi tó máa gbà ṣe máa pọ̀ tó láàárín ìṣẹ́jú kan náà. Ti àwọn kámẹ́rà pẹlẹbẹ olówó pọ́ọ́kú ayé àtijọ́ fẹ̀ ní nǹkan bíi mìlímítà 6 lọ́nà 4.5. Ti Canon G7X àti ti ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, Sony RX100, jẹ́ 13.2 lọ́nà 8.8, ìyẹn ìlọ́po mẹ́rin. Ti Ricoh GR jẹ́ nǹkan bíi 23.5 lọ́nà 15.6, ó ju ti Canon lọ ní ìlọ́po mẹ́ta. Bí a bá dúró síbẹ̀, ọkọ yín ló jàre. Àmọ́ lẹ́ńsì ni ojú ọ̀nà tí ìmọ́lẹ̀ ń gbà wọlé, òun náà sì ní ìwọ̀n tirẹ̀. Ti Ricoh là dé f/2.8, ti Canon là dé f/1.8 bí ẹ kò bá tíì fa súùmù. Nọ́ńbà tó kéré ló là jù, ìyàtọ̀ àárín méjèèjì yìí sì lé ní ìlọ́po méjì ìmọ́lẹ̀. Bí ẹ bá ṣe ìṣirò náà pọ̀, ohun tí Ricoh fi ju Canon lọ nínú òkùnkùn kò ju díẹ̀ lọ mọ́. Ẹni tó sọ fún ọkọ yín kò parọ́. Ìdajì ọ̀rọ̀ ló sọ.

Nǹkan kan tún wà tó kan àwa aláwọ̀ dúdú ju bí àwọn tó ń tà á ṣe ń sọ lọ. Kámẹ́rà ò mọ ẹni tó wà níwájú rẹ̀. Ó gbà pé bí a bá po gbogbo ohun tó wà níwájú òun pọ̀, àwọ̀ eérú ló yẹ kó jáde, ó sì máa ń fa ìmọ́lẹ̀ síwá sẹ́yìn títí eérú yẹn á fi jáde. Ẹ ya ọmọ yín lẹ́nu ọ̀nà nígbà tí oòrùn wà lẹ́yìn rẹ̀: kámẹ́rà á rí oòrùn, á dín ìmọ́lẹ̀ kù, ojú ọmọ á di èédú. Ẹ ya ọmọ ìjọ Sẹ̀lẹ́ nínú sùtánà funfun: sùtánà á di eérú, ojú á sì ṣú ju bó ṣe rí lọ. Ẹni tó wọ aṣọ dúdú tó dúró síwájú ògiri dúdú ni kámẹ́rà máa tan ìmọ́lẹ̀ sí ju bó ṣe yẹ, tí awọ rẹ̀ á fi funfun ju bó ṣe rí lọ. Láyé fíìmù, káàdì tí Kodak fi ń ránṣẹ́ sí àwọn tó ń fọ fọ́tò láti fi ṣètò àwọ̀, obìnrin aláwọ̀ funfun ló wà lórí rẹ̀, ó sì pẹ́ kí wọ́n tó ro tiwa mọ́ ọn. Ọdún 2021 ni Google ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé ètò tó pè ní Real Tone jáde pẹ̀lú fóònù Pixel 6 fún irú awọ wa. Lórí kámẹ́rà gidi, ọwọ́ yín ni àtúnṣe wà: ibi tí wọ́n kọ + àti − sí. Bí ìmọ́lẹ̀ bá wà lẹ́yìn ènìyàn tàbí tí funfun bá pọ̀ nínú àwòrán, ẹ yí i sí +0.7 tàbí +1. Canon G7X Mark II àti Mark III, ìyẹn ìkejì àti ìkẹta nínú ìdílé G7X, ní ohun róbótó kan lórí tí ẹ lè fi ìka yí, tó jẹ́ iṣẹ́ yìí nìkan ló ń ṣe; ẹ ò ní wá a kiri inú ètò. Mo ka èyí sí àǹfààní gidi, ó sì máa ń yà mí lẹ́nu pé ìwọ̀nba ènìyàn ló ń sọ ọ́.

Ẹ wá jẹ́ ká sọ̀rọ̀ àpò, torí ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ. Àpò wo? Ìró àti bùbá kò ní àpò. Aṣọ nọ́ọ̀sì ní àpò, ó sì jìn, àmọ́ ẹ̀ ń tẹ̀ síwájú lórí ibùsùn ní gbogbo ìgbà, ohun tó bá wà nínú rẹ̀ lè jábọ́. Báàgì ọwọ́ ló dà bíi pé ẹ máa gbé e sí jù. Ohun tó ń jẹ́ kí kámẹ́rà wọ àpò tàbí kó má wọ̀ ọ́ ni bó ṣe nípọn tó, gígùn rẹ̀ kì í sábà fa wàhálà. Ricoh GR III nípọn ní mìlímítà 33, ó wúwo ní gíráàmù 257. Ó ń wọ àpò ṣòkòtò ọkùnrin wẹ́rẹ́. Canon G7X Mark III jẹ́ nǹkan bíi 41 àti gíráàmù 304, Sony RX100 VII ò sì jìnnà sí i. Ìwọ̀nyí ń wọ báàgì ọwọ́ láìgba àyè, wọ́n á sì wú jáde lára ṣòkòtò tó fún. Fujifilm X100VI tí gbogbo ayé ń wá láti ọdún 2024 nípọn ní 55, ó wúwo ní 521, dọ́là 1,599 ni wọ́n sì fi gbé e jáde ní Amẹ́ríkà. Kámẹ́rà tó rẹwà ni, àmọ́ àyàfi bí ọkọ yín bá máa gbé e sínú àpò agbádá, ẹ jẹ́ ká rékọjá rẹ̀.

Mi ò fẹ́ kí ọkọ yín rò pé mo kórìíra Ricoh. Láti ọdún 1996 tó ti ń lo fíìmù ni ìdílé GR yìí ti ń bọ̀, ọdún 2013 ni wọ́n sì fi sẹ́ńsọ̀ ńlá sí i. Ẹni tó ń rìn ní ìgboro tó sì fẹ́ mú ohun tó ń ṣẹlẹ̀ ní ọjà Kútọ̀ láìjẹ́ kí ẹnikẹ́ni fura, mi ò mọ èyí tó dára jù ú lọ. Ó ń jí kíá. Ẹ sì lè sọ fún un ṣáájú pé ohun tó wà ní mítà méjì ni kó máa mú. Bí ẹ bá ti tẹ bọ́tìnì dé ìsàlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ó ti yà á, kò ní máa wá ojú nǹkan. Àmọ́ GR III kò ní fíláàṣì, kò ní súùmù, ojú ẹ̀yìn rẹ̀ kò ṣeé gbé sókè, bátìrì rẹ̀ kò sì ju nǹkan bí 200 fọ́tò lọ lórí ìwọ̀n tí ilé-iṣẹ́ kọ. Bó ṣe ń wo ayé, ìyẹn mìlímítà 28 (bí nọ́ńbà yìí bá ṣe kéré tó ni lẹ́ńsì ṣe ń rí ibi púpọ̀ tó, bó bá sì ṣe pọ̀ tó ló ṣe ń fa ohun tó jìnnà sún mọ́ wa tó), kò jìnnà sí ti fóònù, tó sábà máa ń wà láàárín 24 sí 26. Ẹni tó bá rà á nítorí pé ó fẹ́ kí fọ́tò òun yàtọ̀ sí ti fóònù máa ṣàròyé. GR IIIx tó jáde ní 2021 ló ń wò ní 40, ó sì bá ojú ènìyàn mu jù ú lọ.

Ọ̀rọ̀ ojú ènìyàn yìí ló jẹ́ kí n fẹ́ kí ẹ ní súùmù. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ní lẹ́ńsì fóònù máa ń fẹ imú. Kì í ṣe lẹ́ńsì ló ń fẹ̀ ẹ́, bí ẹ ṣe sún mọ́ ọn ni. Lẹ́ńsì tó ń wo ibi púpọ̀ máa ń mú kí ẹ sún mọ́ ènìyàn kí ojú rẹ̀ lè kún àwòrán, imú á wá sún mọ́ kámẹ́rà ju etí lọ, á sì tóbi. Bí ẹ bá lè dúró ní mítà kan ààbọ̀ sí méjì, kí ẹ fa súùmù dé nǹkan bíi 70, ojú ìyá yín àgbà á jáde bí ẹ ṣe mọ̀ ọ́n. G7X ń lọ láti 24 dé 100. RX100 III ti ọdún 2014 ń lọ láti 24 dé 70, òun náà là dé f/1.8.

Tí mo bá wà ní ipò yín, G7X Mark II ti ọdún 2016 tàbí RX100 III, tòkunbọ̀ tó mọ́, ni màá wá. Ọmọ ẹ̀gbọ́n yín kò ṣìnà, àmọ́ Mark III tó ń sọ kò yẹ ní owó tí wọ́n ń bèèrè báyìí fún ẹni tí kò ní ṣe fídíò sórí ìkànnì. Dọ́là 749 ni wọ́n fi gbé e jáde lọ́dún 2019. Láti ìgbà tí TikTok ti gbé e, owó rẹ̀ ti gun òkè, tòkunbọ̀ rẹ̀ pàápàá ń gun òkè. Lẹ́ńsì kan náà ló wà lára Mark II. Ohun pàtàkì tí Mark III fi jù ú lọ jẹ́ ihò makirofóònù, fídíò 4K àti ṣájà USB-C, fọ́tò ọmọ kò sì sí nínú rẹ̀. Bákan náà, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ pé RX100 VII dára jù nítorí pé òun ló dé kẹ́yìn. Wọ́n fún un ní súùmù gígùn dé 200, wọ́n sì fi ìmọ́lẹ̀ san án: f/2.8 ló ti bẹ̀rẹ̀. Fún yàrá yín ní alẹ́, ti ọdún 2014 sàn jù. Àwọn Sony wọ̀nyí tún ní fíláàṣì kékeré tí ẹ lè fi ìka tì sẹ́yìn kó kọjú sí àjà. Bí àjà bá funfun, ìmọ́lẹ̀ á rọra tú sílẹ̀ lórí ọmọ dípò kó gbá a lójú. RX100 III ní ihò kékeré tí ẹ lè yọjú wò nínú oòrùn, Canon kò ní. Canon ní ojú tó ń gbọ́ ìfọwọ́kàn àti róbótó + àti − yẹn. Ọwọ́ yín ni kó yàn láàárín méjèèjì, ẹ lọ di wọ́n mú.

Kí ló dé tí kámẹ́rà kékeré fi wọ́n báyìí? Ní ọdún 2010, àwọn ilé-iṣẹ́ Japan kó ju 100 mílíọ̀nù irú rẹ̀ jáde. Ní 2023 wọn kò kó tó 2 mílíọ̀nù. Fóònù ti gba ọjà lọ́wọ́ wọn, wọ́n pa èyí tó rọjú tì, wọ́n fi olówó ńlá sílẹ̀. Àwọn ọ̀dọ́ wá padà lọ ń wá àwọn pẹlẹbẹ àtijọ́. Wọ́n dùn ún lò nínú oòrùn àti pẹ̀lú fíláàṣì, wọn kò wúlò fún fọ́tò inú ilé láìsí fíláàṣì. Bí owó kò bá ká ju ìyẹn lọ, ẹ sá fún èyí tó ń lo káàdì xD tàbí Memory Stick, torí káàdì wọn ti di ohun àwárí. Ẹ sì rántí pé èyí tó ti dàgbà gan-an kì í gba SD tó ju 2GB lọ, àwọn tó tẹ̀ lé e kì í ju 32GB. Káàdì 64GB tí ẹ rà tuntun lè má ṣiṣẹ́ nínú rẹ̀, kì í ṣe pé kámẹ́rà bàjẹ́.

Tí ẹ bá dé ọ̀dọ̀ oní tòkunbọ̀, ẹ mú káàdì tiyín àti power bank yín dání. Ẹ tan án, ẹ pa á, ẹ tún tan án, kí ẹ sì máa gbọ́ lẹ́ńsì: kò gbọdọ̀ ha, kò gbọdọ̀ dúró lójú ọ̀nà. Ẹ gbé f sí 11, ẹ ya ojú ọ̀run, ẹ fẹ fọ́tò náà lójú kámẹ́rà. Bí ẹ bá rí àmì dúdú róbótó níbi kan náà nínú fọ́tò méjì, eruku ti wọ inú. Lẹ́ńsì àwọn kámẹ́rà yìí kò ṣeé tú kúrò lára wọn, ẹni tó máa nù ún gbọ́dọ̀ tú gbogbo rẹ̀, kò sì pọ̀ tí wọ́n mọ̀ ọ́n ṣe dáadáa lọ́dọ̀ wa. Ẹ tan tọ́ọ̀ṣì fóònù sójú lẹ́ńsì, ẹ wò ó ní ẹ̀gbẹ́. Ohun tó rí bí òwú aláǹtakùn nínú jíǹgí, èbù ni, irú èyí tó máa ń hù lára búrẹ́dì, ẹ fi í sílẹ̀. Ẹ tẹ fíláàṣì. Ẹ yọ bátìrì, ẹ wò ó bóyá ó ti wú. Ẹ fi power bank sí i, ẹ wò ó bóyá iná ń wọlé, torí kì í ṣe gbogbo kámẹ́rà ló gba gbogbo power bank, ẹ sì mọ bí iná wa ṣe rí. Bátìrì Sony yìí ń jẹ́ NP-BX1, ti Canon NB-13L. Ẹ ra kejì lọ́jọ́ náà gan-an. Bí ọlọ́jà kò bá jẹ́ kí ẹ dán an wò, ẹ kí i pé ó dàárọ̀.

Mi ò lè sọ iye náírà tó yẹ kí ẹ san, nítorí iye tí mo bá kọ lónìí lè ti yí padà kí ẹ tó dé ọjà. Mi ò sì lè ṣèlérí pé ó máa pẹ́. Kámẹ́rà tí lẹ́ńsì rẹ̀ ń yọ jáde tó ń padà wọlé máa ń fa eruku, ọyẹ́ wa kò sì ṣàánú ẹnikẹ́ni. Ní àkókò ọyẹ́, inú ọ̀rá tó ní síìpù ni kó máa wà nínú báàgì yín. Ní àkókò òjò, ẹ má fi sínú àpò awọ sínú wọ́dúróòbù fún oṣù púpọ̀, ibẹ̀ gan-an ni èbù fẹ́ràn. Ike tó ní ìdérí tó le, pẹ̀lú àwọn páálí silica kéékèèké tí wọ́n ń fi sínú bàtà tuntun, ló dára. Ẹ fi okùn ọwọ́ sí i. Ẹ má sì yọ ọ́ ní wọ́ọ̀dù: fọ́tò aláìsàn lè dá wàhálà sílẹ̀ fún yín, bí kò tilẹ̀ hàn lójú àwòrán pé ẹni yẹn ni.

Ti gbígbé fọ́tò sórí fóònù, àwọn kámẹ́rà méjèèjì ní Wi-Fi, àmọ́ ó máa ń falẹ̀. Ẹ ra irinṣẹ́ kékeré tí wọ́n ń ki káàdì bọ̀, tó ń wọ ìdí fóònù tààrà. Kò wọ́n, ó sì yá jù. Bí ẹ bá fẹ́ fi ránṣẹ́ sí ìyá yín lórí WhatsApp, ẹ má fi ránṣẹ́ gẹ́gẹ́ bíi fọ́tò, torí WhatsApp á fún un pọ̀ títí gbogbo ohun tí ẹ sanwó lé lórí á fi ṣòfò. Document ni kí ẹ tẹ̀, kí ẹ mú un láti ibẹ̀.